Ẹja Kò Mọ̀ Pé Wọ́n Ti Ìjọba Pa

Ohùn omi ni Ardith Brekke kì í gbọ́ mọ́. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ di o. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé nínú ilé onípákó kékeré tó wà nínú ọgbà ẹja ìjọba, lẹ́yìn ìlú Sorrel, lábẹ́ àwọn òkè Wyoming, débi pé omi tó ń ṣàn gba inú àwọn ìkùdu kọjá tọ̀sán-tòru ti di ara èémí rẹ̀. Àlejò tó bá sùn síbẹ̀ á jí láàárọ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n, á ní òun ò sùn rárá, pé ńṣe ló dà bíi pé àwọn kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ògiri. Ardith á rẹ́rìn-ín.

"Wúyẹ́wúyẹ́ wo? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan."

Einar ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí iṣẹ́ síbẹ̀. Ìyàwó ń bá a gbé garawa, ó ń bá a fọ́n oúnjẹ sómi, títí ìjọba fi gba òun náà síṣẹ́. Nígbà tí Einar ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan lẹ́bàá ìkùdu tí kò sì dìde mọ́, àwọn èèyàn rò pé obìnrin náà yóò kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. Kò kó lọ. Ó ní bí òun bá lọ, ta ni yóò máa bá ẹja sọ̀rọ̀?

Ẹja ọlọ́fun-pupa ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, ẹja ilẹ̀ náà gan-an, tó ní ilà pupa lábẹ́ àgbọ̀n bíi pé ẹnìkan fi ọ̀bẹ sá a níbẹ̀. Ìgbà kan wà tó kù díẹ̀ kó run nínú àwọn odò orí òkè. Iṣẹ́ Ardith àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni láti fún ẹyin lára abo, kí wọ́n tọ́jú ẹyin náà títí yóò fi pa, kí wọ́n tọ́ ọmọ ẹja títí yóò fi tó ìka ọwọ́, kí wọ́n sì kó o padà lọ sílé rẹ̀ lókè. Bí èèyàn bá gbọ́ iṣẹ́ náà lẹ́nu, á ní eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ardith ti sán bí èèpo igi, egungun èjìká rẹ̀ sì mọ ìgbà tí òtútù ń bọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó mọ̀.

Obìnrin tó máa ń lá àlá láìdi ojú ni. Bó bá dúró létí ìkùdu, tó fọ́n ẹ̀kúnwọ́ oúnjẹ sómi, tí ẹja rọ́ gììrì wá sókè, tí ojú omi ń hó bí òjò tó ń ti ìsàlẹ̀ rọ̀ lọ sókè, ọkàn rẹ̀ á bá wọn lọ. Nígbà mìíràn á rí ara rẹ̀ ní kékeré, tó ń sá tẹ̀ lé màlúù bàbá rẹ̀ nínú koríko tó ga jù ú lọ. Nígbà mìíràn Einar ni yóò dúró lódìkejì, nínú èéfín tútù tó ń ti ojú omi gòkè, pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀wọ́ onírun rẹ̀. Wade Ostrander, ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti mọ ìṣe rẹ̀.

"Màmá Brekke, ẹ tún ti lọ."

"Mo ti dé," ni yóò wí, á sì bu ẹ̀kúnwọ́ mìíràn.

Ìlú Sorrel kéré. Ẹni tó bá sín lẹ́bàá ilé epo, iwájú ilé ìwé ni wọ́n ti máa kí i pẹ̀lẹ́. Nígbà èwe Ardith, ọ̀rọ̀ ìbò dà bí ọ̀rọ̀ eré ìje ẹṣin: wọ́n á jiyàn, wọ́n á pariwo, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún ni nǹkan kan ń yọ́ wọ inú rẹ̀, bí omi tó ń wọ abẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ojú rí ni pé, ní ilé oúnjẹ àárín ìlú, àwọn ẹgbẹ́ elérin, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú tí erin jẹ́ àmì rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn ẹgbẹ́ oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n jọ ń du ìjọba sì lọ jókòó nítòsí ilé ìdáná. Kọfí kan náà ni gbogbo wọn ń mu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan kó lọ sí ìlú kejì láti lọ gbàdúrà sí Ọlọ́run kan náà. Bí ọkùnrin kan bá ta àsíá olóṣèlú tó fẹ́ràn sójú àgbàlá, aládùúgbò rẹ̀ á ta tirẹ̀ tó tóbi jù ú lọ, títí ìyàwó ẹnìkan fi pariwo pé òun ò rí oòrùn mọ́ nínú yàrá òun.

Èèyàn méjì ló kù fún Ardith láyé. Àkọ́kọ́ ni àbúrò rẹ̀, Lowell Tofte, olówó màlúù, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń pe ẹran láti òkè kejì. Elérin ni, látorí dé àtàǹpàkò. Èkejì ni Consuelo Abeyta, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́ ìdajì ìlú náà ní ìwé kíkà, ó sì kọ́ Lowell fúnra rẹ̀ nígbà tí Lowell ṣì ń fi ọwọ́ kóòtù nu imú. Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni, kò sì fi bò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn mẹ́ta yìí fi ń jẹun Ọjọ́ Ìdúpẹ́, ọdún ìparí oṣù Kọkànlá, pọ̀ ní ilé Ardith, títí di èyí tó ṣẹ́yìn.

Lọ́jọ́ náà, tòlótòló wà lórí tábìlì, ó pupa, ó ń dán. Lowell ló fa ọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n bi yín. Ìjọba tí ẹ fẹ́ràn yìí, kí ló ti ṣe fún yín rí?"

Consuelo fi ọ̀bẹ ìjẹun rẹ̀ sílẹ̀. "Ó san owó oṣù fún mi kí n lè kọ́ ọ níwèé. Bí mo ṣe ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ yìí, owó náà ṣòfò."

"Ẹ gbọ́ bí àwọn èèyàn yìí ṣe ń sọ̀rọ̀! Bí wọ́n ṣe máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú gbogbo wa nìyẹn!"

"Àwọn èèyàn wo? Èmi nìkan ni mo jókòó síbí, Lowell. Àbí ojú rẹ ń rí iwin?"

Lowell mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Consuelo ní òun ò ní lè jẹun mọ́, òun náà mú kóòtù rẹ̀. Ardith jókòó láàárín àga méjì tó ṣófo, tòlótòló odidi níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Lowell bá rí ọkọ̀ Consuelo lẹ́nu ọ̀nà Ardith, á yí orí ọkọ̀ tirẹ̀ padà. Bí Consuelo bá rí bàtà Lowell lórí àtẹ̀gùn, á gbé ìkòkò ọbẹ̀ tó gbé wá kalẹ̀ sínú òjò dídì, á lọ.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lórí tábìlì dé Washington, tàbí ká sọ pé Washington ló ti wá tẹ́lẹ̀. Ààrẹ àti àwọn aṣòfin ò fẹnu kò lórí ètò ìnáwó. Àwọn kan ní bí wọn ò bá fi nǹkan báyìí kún un, àwọn ò ní fọwọ́ sí i. Àwọn kejì ní bí wọ́n bá fi kún un, àwọn ò ní fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá. Wọ́n ti ìjọba pa: kò sówó, gbogbo ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ di títì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti gbọ́? Wọ́n tì í pa o!" Lowell wọ ilé ìdáná Ardith pẹ̀lú òjò dídì lẹ́sẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí màlúù rẹ̀ bí ìbejì. "Ẹ wo ìta. Oòrùn yọ. Màlúù mi jẹun. Ìjọba ò sí, ayé ò sì parẹ́."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Lowell, ta lo rò pé mò ń bá ṣiṣẹ́? Àwọn áńgẹ́lì?"

Ó họ orí. "Tiyín yàtọ̀. Ẹja lẹ̀ ń tọ́jú. Àwọn tó jókòó sínú ilé ńlá tí wọn ò ṣe nǹkan kan ni mò ń bá wí."

"Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àbúrò mi. Bí wọ́n bá tì í, gbogbo wa ló tì mọ́."

Lowell mu kọfí rẹ̀ tán, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ni Consuelo dé, òun náà pẹ̀lú ìbínú tirẹ̀ tó ń hó.

"O rí wọn? Wọ́n á dáná sun ilé nítorí kí wọ́n lè pa eku."

"Àwọn tiyín náà ní àwọn ò ní fọwọ́ sí i," ni Ardith wí jẹ́ẹ́.

"Ìdí wà fún un!"

"Lowell náà sọ pé ìdí wà fún un. Mu kọfí rẹ, ó ń tutù."

Ní ọgbà ẹja, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Wade gbé pátákó kọ́ sẹ́nu géètì pé ibẹ̀ ti di títì, ó wo àwọn ìkùdu bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ fi sílẹ̀, ó sì lọ. Òfin ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́, kódà lọ́fẹ̀ẹ́, títí ìjọba yóò fi ṣí. Ardith nìkan ni wọ́n ní kó dúró, nítorí ẹnìkan gbọ́dọ̀ bọ́ ẹja, ẹja kò sì mọ̀ pé wọ́n ti ìjọba pa. Wọ́n pè é ní òṣìṣẹ́ pọndandan. Owó oṣù ò ní wọlé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jáde.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ku òun nìkan pẹ̀lú omi. Ó ń jí, ó ń gbá òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà, ó ń fọ́n oúnjẹ, ó ń fọ àwọ̀n. Ọjọ́ ń wọ inú ara wọn bí ìkùdu tó ń ṣàn sínú ìkùdu. Kérésì kọjá, ọdún yí, kò rí ìyàtọ̀ kankan lójú àwọn ẹja. Bó bá tan rédíò, àwọn ohùn inú rẹ̀ á máa bú ara wọn. Bó bá pa á, á ku òun àti àwọsánmà funfun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó rí Einar tó ń rìn bọ̀ láti ìsédò, níbi tí wọ́n ti sé odò kí omi lè gba páìpù wọ àwọn ìkùdu, ó wúwo, ó rọra ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ó fẹ́ẹ̀ pè é. Ìgbà tó súnmọ́ ọn, ó rí i pé ìgalà ni, tó wá mu omi. Àwọn méjèèjì wo ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Kò sẹ́ni tó sá nínú wọn.

Nígbà tó di àárín oṣù Kìíní, òtútù kan dé tí àwọn àgbà Sorrel ní àwọn ò rí irú rẹ̀ láti ìgbà èwe àwọn. Afẹ́fẹ́ dúró gan-an. Igi ń dún kàà nínú igbó bí ẹni tó ń ṣẹ́ egungun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì òtútù náà, bí ojú ọ̀run ṣe ń là, Ardith ta jí, ó jókòó sórí ibùsùn. Nǹkan kan ti jí i, kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ó fetí sílẹ̀. Ó wo ògiri.

Kò gbọ́ nǹkan kan. Èyí tí kò gbọ́ lónìí yàtọ̀ sí èyí tí kì í gbọ́ lójoojúmọ́. Omi ti dákẹ́.

Ó wọ ṣòkòtò rọ́bà, ó wọ kóòtù Einar, ó sáré lọ sí ìsédò. Odò ń rú èéfín bí ìkòkò. Nínú omi náà, yìnyín wẹ́wẹ́ ti pọ̀ bí ògì tó ń dì lórí iná, ó ń ṣàn bọ̀ lórí ara wọn, ó sì ti lẹ̀ mọ́ àwọ̀n irin tó wà lẹ́nu páìpù ńlá, ó bò ó pátápátá. Omi ò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ó mú réèkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha á. Èyí tó bá ha kúrò, òmíràn á rọ́pò rẹ̀ kó tó gbé ọwọ́. Ó wẹ̀yìn wo àwọn ìkùdu: omi wọn ti ń fà, àwọn ẹja sì ti yọ ẹnu sókè, wọ́n ń la á, wọ́n ń pa á dé, láìpariwo, bí ìjọ tó ń kọrin tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́.

Ó pe ọ́fíìsì tó ń bojú tó ọgbà náà. Ohùn kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀yàyà, pé ọ́fíìsì ti di títì nítorí àìsí ètò ìnáwó, kó jọ̀ọ́ kó tún pè.

Ó di fóònù náà mú. Èéfín ẹnu rẹ̀ ń gòkè. Ó pe Lowell.

"Odò ti dì mọ́ mi lọ́wọ́," ló sọ. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mò ń bọ̀."

Lẹ́yìn náà, òun tó ti fi gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí ń ṣọ́ kí Lowell àti ọ̀rẹ́ òun má pàdé ara wọn, ó pe Consuelo. Consuelo ò béèrè nǹkan kan. Ó jókòó ti fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ẹni tó ti gba kíláàsì rẹ̀ kọjá, elérin, oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹni tí kò mọ èwo lòun. Ó lo ohùn ìgbà tí ẹgba ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, mà" lórí ibùsùn kó tó rántí pé òun ti di bàbá àgbà.

Wọ́n dé. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò sẹ́nu géètì tí pátákó ìjọba wà lára rẹ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n wọlé. Pẹ̀lú gbogbo wàhálà náà, àwọn elérin lọ dúró sí apá òsì ìsédò, àwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí apá ọ̀tún, bíi pé ẹnìkan ti fa ìlà sórí yìnyín. Lowell ti wà nínú omi títí dé àyà nínú ṣòkòtò rọ́bà rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá irin gún yìnyín kúrò lára àwọ̀n. Consuelo dúró lórí bèbè lókè rẹ̀, ó fi ṣáàlì di orí, ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́.

"Ẹ má dúró síbẹ̀ bí òpó iná! Ẹ tò sórí ìlà kan, ọwọ́ dé ọwọ́! Kí èyí tó bá ha yìnyín gbé e fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀! Àwọn tó kù, ẹ bu omi láti ojúsun òkè tí kò dì, ẹ máa dà á sínú ìkùdu!"

Ìlà ò ṣeé tò láìdàpọ̀. Ọkùnrin tó ta àsíá ńlá àti aládùúgbò rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kò rí oòrùn mọ́ bá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, garawa kan láàárín wọn. Wọ́n wo ara wọn. Garawa náà wúwo. Wọ́n gbé e.

Wade ló kù. Ó ti dé, ṣùgbọ́n ó dúró sẹ́yìn ọgbà, ó fọwọ́ méjèèjì di wáyà mú, ó ń pariwo. "Ẹ gbé pátákó ìsàlẹ̀ ìsédò sókè! Rárá, ti òsì! Ẹ jẹ́ kí omi gba abẹ́ rẹ̀!"

"Wọlé wá ṣe é fúnra rẹ!" ni Lowell ké láti inú omi.

"Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀! Bí mo bá fọwọ́ kan ṣọ́bìrì ìjọba báyìí, mo ti rú òfin nìyẹn!"

"Ṣọ́bìrì tèmi rèé! Owó màlúù ni mo fi rà á, ìjọba ò mọ̀ ọ́n rí!"

Wade ronú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gun wáyà, ó fò wọlé, kóòtù rẹ̀ fa ya, ó gba ṣọ́bìrì náà.

"Lowell Tofte," Consuelo wí láti òkè, "àbí ojú mi ló ń ṣe mí? Ìwọ tó ní kí ìjọba kúrò lọ́nà, ìwọ lò ń ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ yìí."

"Tíṣà, mi ò ṣiṣẹ́ ìjọba kankan. Mò ń bá ẹ̀gbọ́n mi gbálẹ̀ ojúde ni."

"Ojúde ta ni?"

Ẹ̀rín bú jáde lórí ìlà, lápá òsì àti lápá ọ̀tún.

"Ẹ jẹ́ n simi, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ mi ti kú."

"Di ọ̀pá yẹn mú dáadáa! Bó o ṣe máa ń di pẹ́ńsùlù mú nìyẹn, ìdí rèé tí kò sẹ́ni tó lè ka ìwé rẹ."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń kọ́ erin níwèé!"

"Erin náà ò sì gbọ́!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni yìnyín ń lọ. Ardith ń ti ìkùdu kan bọ́ sí èkejì, ó ń da omi. Èéfín odò ti nípọn débi pé kò rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ohùn nìkan ló kù, ohùn àti ọwọ́ tó ń na jáde láti inú funfun láti gba garawa. Ó gba èyí, ó fi í fún ọ̀hún. Kò mọ ta ni ta ni. Ó dà bíi pé gbogbo àwọn tó ti gbé ìlú náà rí ló wà nínú èéfín yẹn, àwọn òkú àti àwọn alààyè, tí wọ́n ń gbé omi láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí wọ́n sì ń jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé e. Ó rò pé òun fọwọ́ kan ìbọ̀wọ́ onírun kan tí òun mọ̀. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba garawa náà, ó ní, "O ṣé."

Oòrùn ti kọjá àtàrí nígbà tí nǹkan kan mí nínú páìpù, tó húkọ́, tó sì pọ omi jáde. Omi rọ́ wọ ìkùdu àkọ́kọ́, ó kọjá sí èkejì. Kò sẹ́ni tó pariwo ayọ̀. Gbogbo wọn kàn dúró, wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ìkùdu tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti kú kí omi tó dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ẹja inú rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí kọnkéré bí ewé tí afẹ́fẹ́ gbá jọ. Ardith kúnlẹ̀ létí rẹ̀, ó gbé ọ̀kan sínú àtẹ́lẹwọ́. Lowell wá kúnlẹ̀ tì í, omi ń dì lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Nígbà tí mo ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn, mi ò rò ó pé ẹ̀yin wà nínú ilé."

Consuelo ti ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Gbogbo ènìyàn rò pé yóò sọ ọ̀rọ̀ tó máa dun Lowell wọ egungun, nítorí ààyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, "Àwa náà ì bá ti ṣí i lánàá, bó bá jẹ́ pé ẹja ló ń dìbò." Ó na ọwọ́ sí Lowell. "Dìde níbẹ̀. O fẹ́ kú ni?"

Wọ́n wọ ilé ìdáná Ardith, gbogbo ẹni tí àyè lè gbà. Consuelo gbé ọbẹ̀ ata tútù àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kaná. Lowell, tó ti búra pé òun ò ní fẹnu kan nǹkan tó bá ti ọwọ́ obìnrin yìí wá mọ́, jẹ àwo kan, ó na àwo náà jáde, wọ́n bu òmíràn fún un. Kò pẹ́ tí ẹnìkan fi dárúkọ ààrẹ. Kíá, ọ̀rọ̀ tún gbiná, àwọn ohùn ń gòkè, ìka ń na sókè, Lowell ń ké "Tíṣà, ẹ gbọ́ mi ná!", Consuelo ń ké "Ìwọ ni kó o gbọ́!" Ardith jókòó sí ìdí sítóòfù. Ariwo wọn ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń yí ká òkúta, ó ń ṣàn kọjá. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ lórí àga, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n sì ń bá ìjà náà lọ ní wúyẹ́wúyẹ́.

Kí oṣù Kìíní tó parí, wọ́n fẹnu kò ní Washington, wọ́n ṣí ìjọba. Wade já pátákó ẹnu géètì, ó fi dáná. Owó oṣù wọlé. Ọ́fíìsì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé àwọn gbọ́ pé àwọn ará ìta wọ ilẹ̀ ìjọba nígbà tó wà ní títì, kí Ardith ṣàlàyé. Ardith dá wọn lóhùn pé òtútù pọ̀, èéfín pọ̀, òun ò sì rí ojú ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ló sọ.

Ìlú Sorrel ò yí padà tó bí èèyàn ṣe lè rò. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìtàn náà ti pín sí méjì: nítòsí fèrèsé, àwọn elérin ló gba ẹja là nígbà tí ìjọba sùn, nítòsí ilé ìdáná, àwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló gba dúkìá gbogbo ènìyàn là lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ bà á jẹ́. Nígbà tí ìbò ìgbìmọ̀ omi ìlú dé ní oṣù Karùn-ún, àwọn tó jáde du ipò kan ṣoṣo náà ni Lowell Tofte àti Consuelo Abeyta. Wọ́n bú ara wọn láti ilé dé ilé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé, ní alẹ́ ọjọ́ ìpàdé, Lowell ló ń fi ọkọ̀ gbé Consuelo lọ, nítorí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ lókùnkùn, wọ́n á sì máa jiyàn títí wọ́n á fi dé ẹnu ọ̀nà. Consuelo ló jáwé olúborí. Lowell wá jókòó sí ilé ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fajú ro.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ta lẹ dìbò fún?"

"Ìbò mi ni," ni Ardith wí, ó sì fi ẹ̀wà kún àwo rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà, nígbà tí ọ̀nà orí òkè yọ́, òun àti Wade kó àwọn ẹja sínú ọkọ̀ alágbá, wọ́n gun òkè. Adágún náà wà láàárín àwọn àpáta, ó dúró jẹ́ẹ́, òjò dídì ṣì ń bẹ ní apá kan rẹ̀. Wade lọ ṣe páìpù. Ardith bọ́ bàtà, ó wọ inú omi tó ń ta bí abẹ́rẹ́, ó sì ri garawa kan tí ẹja wà nínú rẹ̀ sómi kó lè tú ìwọ̀nba fúnra rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún.

Àwọn ẹja náà ò jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dúró lẹ́nu garawa, wọ́n kọjú sódì, bíi pé wọ́n ń retí kí ẹnìkan sọ fún wọn pé ó tó àkókò. Ọ̀kan fò yọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn tú yááyá sínú omi aláwọ̀ ewé, wọ́n di òjìji, wọ́n di nǹkan tí ojú kàn rò pé òun rí.

"Màmá Brekke," ni Wade pè é láti etí omi. "Ẹ tún ti lọ."

Lọ́tẹ̀ yìí, Ardith ò ní òun ti dé. Omi ti dé orúnkún rẹ̀, ó sì ń wo bí adágún náà ṣe ń pa ojú rẹ̀ dé lé àwọn ẹja náà lórí.